Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: A Lè La Kòkó Wò, A Kò Lè La Hóró Fítámì Wò

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó èlé, kì í sì í ṣe ti ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ kan ni ó jáde ní ìpàdé wa tó kọjá, tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbìmọ̀ ní kí a lọ wádìí rẹ̀, kí a kọ ọ́ síhìn-ín kí tọmọdé tàgbà lè kà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọkùnrin kan mú páálí oògùn fítámì wá bá alága wa. Ó ní fítámì àgbàlagbà, fítámì C ti àwọn ọmọdé, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi nínú ìgò. Ó ní òun yóò máa kó o fún ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ ní ìdajì iye tí ilé ìtajà oògùn ń tà á. Àwọn kan nínú wa ní kí a gbà á lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ṣebí bí a ṣe ń ra ìrẹsì àti òróró lódidi ní owó pọ́ọ́kú tí a sì ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni ìyá kan dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, bí a bá ra ìrẹsì tí kò dára, a ó sè é, ẹnu wa á sọ fún wa. Èyí ńkọ́? Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?" Ilé pa lọ́lọ́. Ìbéèrè ìyá náà ni a fẹ́ dáhùn.

Kí ni fítámì?

Fítámì ni àwọn èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, tí ara ń fẹ́ ní ìwọ̀n díẹ̀ kínún, ṣùgbọ́n tí ara kò lè ṣe láìsí. Ní ọdún 1747, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi kan, James Lind ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, mú àwọn atukọ̀ 12 tí àìsàn kan náà ń ṣe. Èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, okun sì ti tán lára wọn. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohun tí kò fún ìpín kejì. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn dídùn àti ọsàn kíkan ni ara wọn yá kíákíá ju gbogbo wọn lọ. Lind kò mọ ohun tó wà nínú ọsàn náà. Ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó mọ̀ pé fítámì C ni. Orúkọ náà gan-an, fítámì, ọdún 1912 ni Casimir Funk, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní, oúnjẹ ni ó wo àwọn atukọ̀ náà sàn, kì í ṣe hóró oògùn. Èkejì, ìwọ̀n fítámì tí ara ń fẹ́ kéré gan-an. Gbogbo fítámì C tí àgbàlagbà ń fẹ́ lójúmọ́ kò tó 100 mílígíráàmù, ìyẹn ni pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan ṣoṣo. Ti àwọn fítámì mìíràn tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nínú hóró tí ẹ ń gbé mì, ohun tó pọ̀ jù lè jẹ́ sítáṣì, ṣúgà àti àwọ̀, kí fítámì gan-an sì jẹ́ ìba díẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá yọ ìba díẹ̀ yẹn kúrò, hóró rẹ̀ kò ní fúyẹ́ sí i, kò sì ní kéré sí i.

Ohun tí ojú kò rí

Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa ọlọ́jà náà, ojú la fi ń rajà. Ṣùgbọ́n ọjà yìí ju ojú lọ.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa kò ní gbàgbé gírédà kòkó. Lẹ́yìn tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ọdún 1935 jáde ní Nàìjíríà, kòkó ni ó gbé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá dìde. Bí àpò kòkó bá dé ilé ìkẹ́rù, gírédà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Yóò bu hóró láti inú àpò, yóò ka 300, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí a kò pò dáadáa, gbogbo rẹ̀ á hàn ní gbangba. Òyìnbó tó ń ra kòkó lókè òkun kò mọ̀ wá rí, kò sì gba ẹnu wa gbọ́. Ọ̀bẹ gírédà ni ó gbà gbọ́.

Wàyí o, ẹ mú hóró fítámì kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á. Ìyẹ̀fun lásán ni ẹ ó rí. Ìyẹ̀fun tó ní fítámì àti èyí tí kò ní, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ẹnu pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí adùn ọsàn tó wà lára fítámì àwọn ọmọdé, a lè fi í sára ohunkóhun.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Bí mo ti lò ó ni ìtọ̀ mi pọ́n rúsúrúsú, nítorí náà oògùn náà lágbára." Fítámì B2 ni ó máa ń sọ ìtọ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé B2 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa mẹ́wàá yòókù tí wọ́n kọ sára ìgò. Àwọn mìíràn ní ara àwọn yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ oorun tí wọ́n sùn ló mú ara wọn yá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ọ̀bẹ tó lè la fítámì wà, ṣùgbọ́n inú ilé àyẹ̀wò ló wà. Ẹ̀rọ ni, tó ń ya èròjà inú oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń wọn iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ní in nílé. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà máa bèèrè ni pé, "Ta ló ti fi ọ̀bẹ yẹn là á, ọ̀nà wo ló sì gbà dé ọwọ́ mi?"

Ti òkè òkun ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí ọjà bá ti wá láti Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn ti parí. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún a sì máa fi ìgò fítámì ńláńlá ránṣẹ́ sílé. A kò ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́ mọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀.

Ní ọdún 1994, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lórí irú ọjà yìí. Lábẹ́ òfin náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fítámì kò ní láti gba ìwé àṣẹ pé ọjà òun dára kó tó gbé e wá sọ́jà, bí ti oògùn dókítà. Lẹ́yìn tó bá ti dọ́jà ni ìjọba tó lè bá a wí bí ó bá ṣe ibi. Ní ọdún 2007 ni wọ́n wá ṣe ìlànà bí ó ṣe yẹ kí ilé iṣẹ́ wọ̀nyí máa ṣe ọjà wọn.

Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún okun ara mú ènìyàn 201 ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ 10. Irun wọn ń re, èékánná wọn ń bàjẹ́, inú wọn ń ṣu. Nígbà tí wọ́n yẹ ọjà náà wò, èròjà kan tí ń jẹ́ selenium, tí ara ìgò ní ó jẹ́ 200 máíkírógíráàmù, jẹ́ 40,800. Ẹni tó bá ṣi òdo kà nínú ìwé ìṣirò lè tún un kọ. Ta ni yóò tún ara ènìyàn kọ?

Ní ọdún 2013, àwọn oníṣègùn kan níbẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí fítámì D. Wọ́n yẹ èyí tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù wò, wọ́n sì yẹ èyí tí àwọn apòògùn ń pò fúnra wọn wò. Bí ara ìgò bá ní 100, wọ́n rí hóró tó ní 9 péré, wọ́n sì rí èyí tó ní 146. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan wà nínú wọn tí àjọ USP ti yẹ ọjà rẹ̀ wò. Àjọ yìí kì í ṣe ti ìjọba, láti ọdún 1820 ló sì ti wà. Hóró ti ilé iṣẹ́ yẹn sún mọ́ ohun tí wọ́n kọ ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Ẹ rí i pé ìlú tí ọjà ti wá kọ́ ló gba ọjà là. Ọ̀bẹ gírédà náà ni.

Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, òfin tiwa sàn ju tiwọn lọ ní ọ̀nà kan. Láti ọdún 1993 tí ìjọba ti dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ kó o wọlé, a kò sì gbọdọ̀ tà á, àyàfi bí àjọ náà bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì fún un ní nọ́ńbà. Láti ọdún 1988 pàápàá ni òfin ayédèrú oògùn ti wà, tó kà á léèwọ̀ kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa ta oògùn ní gbangba ọjà tàbí kó máa kiri rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò.

Olóògbé Dora Akunyili, tó di olórí àjọ náà ní ọdún 2001, mọ oró ayédèrú nínú ilé tirẹ̀. Ayédèrú oògùn àtọ̀gbẹ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin lò tó fi kú ní ọdún 1988. Nígbà tó gbógun ti àwọn oníṣẹ́ ibi, wọ́n yìnbọn fún un ní oṣù Disẹ́ńbà 2003. Ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Síbẹ̀, òfin kì í sùn sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ń hu eyín pa ọmọ tó tó 84 ní Nàìjíríà, nítorí omi olóró kan wọ inú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà ni, kì í ṣe ti alákiri. Ní oṣù Fẹ́búárì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ní Èkó pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, nítorí ayédèrú àti ọjà tó ti bàjẹ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹni tó lè tẹ ìwé ara ìgò, ó lè tẹ nọ́ńbà sí i. Ó yẹ kí a wo orúkọ ọjà náà nínú àkọsílẹ̀ NAFDAC tí wọ́n ń pè ní Greenbook, kí a rí i pé orúkọ, nọ́ńbà àti ilé iṣẹ́ bá ara wọn mu. Ọmọ yín tó ní fóònù lè bá yín wò ó. Láti ọdún 2010 ni àwọn oògùn kan, pàápàá ti ibà, ti ní ibi tí a ń ha lára páálí láti fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá rí i lára ọjà yín, ẹ má ṣe fo ó dá.

Ẹ̀bi tiwa

Kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ra páálí fítámì C mẹ́fà fún ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ. Rìsíìtì wà, nọ́ńbà wà, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ ṣì ju ọdún kan lọ. A kó o sí yàrá ẹ̀yìn lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo. A ṣí ìgò ńlá, a ń ka hóró sínú ọ̀rá fún ẹni tó fẹ́ ti ogún náírà, ti àádọ́ta náírà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, páànù gbóná bí ààrò. Kò pé oṣù mẹ́rin tí hóró tó ń dán fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n bí ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

A ti ta èyí tó ju ìdajì lọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó rà á kò bá wa jà. Wọ́n kàn dákẹ́ ni, wọn kò sì padà wá rà mọ́. A da ìyókù nù, àdánù rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣirò ọdún náà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe dáadáa, ẹni tó tà á fún wa ṣe dáadáa. Àwa ni a sọ ọjà rere di ayédèrú.

Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fítámì, pàápàá fítámì C, fítámì A àti B1. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi máa ń kọ ọ́ sára ìgò pé kí a má jẹ́ kí ibi tó wà gbóná ju ìwọ̀n 25 tàbí 30 lọ, kí a sì dé e pinpin. Ọjọ́ tó wà lára ìgò, ti ẹni tó bá pa àṣẹ yẹn mọ́ ni. Kì í ṣe ti ẹni tó gbé ìgò sí ojú oòrùn lórí àtẹ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Àwọn kan rò pé fítámì kò lè pa ènìyàn lára, pé bí a bá ti lò tó ni okun ṣe ń pọ̀ tó. Fítámì B àti C, èyí tó bá pọ̀ jù nínú wọn sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n A, D, E àti K a máa dúró sínú ọ̀rá ara. Bí aboyún bá lo fítámì A ní àlòjù, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin nínú, tó máa ń ní àwọ̀ pupa bíi súìtì, lè pa ọmọ kékeré tó bá kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ gbé e sókè kúrò níwájú wọn.

Ta ló nílò rẹ̀?

Aboyún nílò oògùn irin àti folic acid, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i. Kí ó gbà á ní ilé ìwòsàn tó ti ń gba ìtọ́jú, kí ó má sì dá a dúró nítorí ohun tó kà níhìn-ín. Ọmọ láti oṣù 6 sí ọdún 5 nílò fítámì A tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kán sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí àwọn ìyá má ṣe jẹ́ kí ó fò wọ́n. Ẹni tí dókítà bá sì kọ ọ́ fún, kí ó lò ó bí wọ́n ti wí.

Àwa yòókù ńkọ́? Epo pupa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Ọsàn ní fítámì C. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀dọ̀ ní púpọ̀ nínú ìyókù. Èyí tó wú wa lórí ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń ta gbogbo wọn, ojú àti imú sì mọ èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a máa wò

1. Ibi tí a ti rà á. Kí ó jẹ́ ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ, tó lè kọ rìsíìtì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì náà.

2. Nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ilé iṣẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Kí wọ́n bá àkọsílẹ̀ mu.

3. Ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti báàṣì nọ́ńbà. Bí wọ́n bá ti ha á, tàbí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹ dá a padà.

4. Ìdérí. Kí ó má tíì ṣí rí. Ẹ má ra hóró tí wọ́n kà sínú ọ̀rá, nítorí kò ní orúkọ, kò sì ní ọjọ́ orí.

5. Ìlérí. Èyí tó bá ní òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú àti àìrọ́mọbí pọ̀, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ fítámì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

6. Owó. Bí ó bá jẹ́ ìdajì iye tí gbogbo ènìyàn ń tà á, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Ohun kan ti ní láti dín kù níbì kan.

Ìpinnu ìgbìmọ̀

A bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin náà: rìsíìtì ibi tó ti ra ọjà, ìwé àṣẹ rẹ̀, àti páálí kan tí a lè fi yẹ nọ́ńbà wò. Ó ní òun ń bọ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí, a kò tíì rí i.

Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ kò ní ta fítámì tàbí oògùn kankan mọ́. A ó bá apòògùn kan tó ní ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀ kí ó máa dín owó díẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mú káàdì wá, nítorí pé a pọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ta oògùn mọ́ ọjà wọn, pé ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ ti ń jáde. A kò wá dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kó yà sí ọjà mìíràn, kí ó wá rí wa kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé ìwé ẹ̀yáwó irú wọn ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí ojú àti ẹnu kò fi lè mọ fítámì tó dára?

2. Ọ̀nà mélòó ni fítámì gidi lè gbà bàjẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà?

3. Ẹ wo ìgò kan tó wà nílé yín. Nínú ohun mẹ́fà tí a kà sílẹ̀, mélòó ló pé?

Ẹ mú ìgò náà dání wá sí ìpàdé. A ó jọ yẹ̀ wọ́n wò. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́